Ẹyẹ Òkun Lórí Ọ̀sà: Bí Gull àti Tern Ṣe Ń Ti Ilẹ̀ Yúróòpù Dé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ìṣípò àsìkò ni ìrìnàjò tí ẹ̀dá kan máa ń rìn lọ́dọọdún láti ibi tó ti ń bímọ lọ sí ibi tó ti ń jẹun nígbà tí ibi àkọ́kọ́ kò bá lè bọ́ ọ mọ́, tí yóò sì tún padà síbẹ̀ nígbà tí àsìkò bá yí po. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára rírìn kiri lásán ni pé ó ní ìgbà, ó ní ọ̀nà, ó sì ní àbọ̀. Àwọn tó ń gbé ní agbègbè ọ̀sà Èkó mọ irú ìrìnàjò yìí dáadáa lára lékeléke, nítorí pé nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá, ni ẹyẹ funfun náà máa ń dé sí pápá àti sẹ́yìn màlúù ní gúúsù ilẹ̀ Yorùbá, nígbà tí òjò tuntun bá sì ti fìdí múlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gba ìhà àríwá lọ láti lọ yé ẹyin ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Ìrìnàjò lékeléke yìí kò kúrò nínú ilẹ̀ Áfíríkà. Ti àwọn ẹyẹ òkun tó ń fò lórí ọ̀sà láti Ìkòròdú títí dé ìhà Ẹ̀pẹ́ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, nítorí pé etíkun Yúróòpù, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Netherlands tàbí Denmark, ni ẹyin àwọn kan nínú wọn ti pa. Síbẹ̀, òfin kan náà ló ń darí àwọn méjèèjì: oúnjẹ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ní ti àwọn tó ń ti Yúróòpù wá, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ló ń sọ fún wọn pé àkókò ti tó.

Inú ìdílé kan náà ni gull àti tern ti wá, ìdílé tí àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ ń pè ní Laridae, ṣùgbọ́n ìrísí wọn àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jẹun yàtọ̀ síra. Gull ni èyí tí ara rẹ̀ ki, tí apá rẹ̀ fẹ̀, tí ìrù rẹ̀ kò là, tí àgógó rẹ̀ nípọn tó sì tẹ̀ díẹ̀ ní ṣóńṣó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tí kì í jẹ, ìbáà ṣe ẹja, akàn, ekòló, ẹyin ẹyẹ mìíràn, òkú ẹran tàbí àjẹkù orí ààtàn. Tern ni èyí tí ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí àgógó rẹ̀ mú ṣóńṣó, tí ìrù rẹ̀ là sí méjì, tí àtàrí rẹ̀ sì máa ń dúdú nígbà tó bá ń yé ẹyin. Ẹja kéékèèké ni oúnjẹ rẹ̀ ní pàtàkì. Ìyàtọ̀ inú oúnjẹ yìí ṣe kókó, nítorí pé ẹni tó ń jẹ gbogbo nǹkan lè dúró sí ibikíbi tó bá ti rí nǹkan jẹ, ẹni tó jẹ́ pé ẹja ló ń jẹ jù kò sì ní yíyàn ju kí ó máa tẹ̀ lé ẹja lọ.

Nínú àwọn gull, èyí tó ń ti Yúróòpù wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jù lọ ni Larus fuscus, gull ẹlẹ́yìn dúdú kékeré, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, tí apá rẹ̀ méjèèjì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan àtààbọ̀ bó bá nà wọ́n tán. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í jọ àgbà, nítorí pé aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní àmì tótòtó ni wọ́n, ó sì máa ń gbà wọ́n tó nǹkan bí ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó ní ìyẹ́ àgbà. Gull mìíràn wà tí orí rẹ̀ jọ eérú, tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà, tó ń yé ẹyin ní etí adágún àti etí odò ilẹ̀ yìí, tí kì í sì í ṣípò lọ sí Yúróòpù. Láàárín àwọn tern, Sandwich tern, tí àgógó rẹ̀ dúdú tí ṣóńṣó rẹ̀ sì pọ́n rúsúrúsú, pẹ̀lú common tern àti black tern, ń ti Yúróòpù wá. Ṣùgbọ́n tern ńlá tí àgógó rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, tí wọ́n ti máa ń kà mọ́ royal tern ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, ń yé ẹyin ní erékùṣù etíkun Mauritania, Senegal, Gambia àti Guinea-Bissau, lẹ́yìn náà ni yóò tàn kálẹ̀ sí àríwá títí dé Morocco àti sí gúúsù títí dé Angola. Bí ènìyàn bá ti ń ti Senegal bọ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn ni gull ń dín kù sí i, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní ọ̀sà Èkó, tern ni ènìyàn máa ń rí ju gull lọ.

Kí ìgbà tí àwọn ẹyẹ wọ̀nyí ń dé tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ìwà ọ̀sà náà. Ọ̀sà Èkó fẹ̀ tó nǹkan bí 208 kìlómítà níbùú lóòró, Ìkòròdú sì wà ní bèbè rẹ̀ ní àríwá, pẹ̀lú àwọn ìlú apẹja bí Májídùn, Ìbẹ̀ṣẹ̀ àti Bayékù. Ní ìlà-oòrùn ni ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ wà, tó so ọ̀sà Èkó pọ̀ mọ́ ọ̀sà Lẹ́kí. Ẹnu kan ṣoṣo ni ọ̀sà Èkó fi ń bá òkun sọ̀rọ̀, ẹnu náà sì ni ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ èbúté Èkó. Nígbà òjò, odò Ògùn máa ń da omi rẹ̀ sínú ọ̀sà Èkó, odò Ọ̀ṣun sì máa ń da tirẹ̀ sínú ọ̀sà Lẹ́kí, omi dídùn yóò wá ti omi iyọ̀ padà sínú òkun. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí odò fà, ìgbì òkun yóò rí àyè wọlé, iyọ̀ yóò pọ̀ sí i nínú omi, àwọn ẹja òkun kéékèèké bíi sáwá yóò sì bá omi náà wọlé. Bí ọ̀nà bá ti ń jìn sí ẹnu òkun ni iyọ̀ ń dín kù, tó fi jẹ́ pé omi ìhà Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kí máa ń dùn ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún.

Ìyàtọ̀ omi yìí hàn lára ẹyẹ. Ní ìhà Ìkòròdú, níbi tí iyọ̀ ti ń wọlé tí ọ̀sà sì fẹ̀ gbalasa, ni tern tó fẹ́ràn ẹja òkun ti máa ń rí ojú omi tó mọ́lẹ̀ láti ṣọdẹ, tó sì ń rí òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún àwọ̀n àti iyanrìn tó yọrí láti sinmi lé. Ní ìhà Ẹ̀pẹ́, níbi tí koríko omi àti igbó bèbè ti pọ̀, àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń dúró nínú omi ṣọ́ ẹja, lékeléke, àti àwọn ẹyẹ apẹja tó ń bà lórí ẹ̀ka igi ló gba ilé jù. Àkókò tí ọ̀sà fi ń gba omi iyọ̀ sínú, láti nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kẹrin, bọ́ sí àkókò kan náà tí àwọn àlejò láti Yúróòpù wà ní etíkun Áfíríkà. Kì í ṣe pé ọ̀sà ló ń pè wọ́n láti òkèèrè. Ilé ni ebi ti ń lé wọn, ọ̀sà sì wà lára àwọn ibi tí oúnjẹ ti tó nígbà tí wọ́n bá ń kọjá.

Ìgbésí ayé ẹyẹ wọ̀nyí lọ́dún kan máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, nígbà tí wọ́n bá kóra jọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún sí erékùṣù àti etí òkun Yúróòpù láti yé ẹyin sórí ilẹ̀. Gull ẹlẹ́yìn dúdú sábà máa ń yé ẹyin mẹ́ta, Sandwich tern a sì máa yé ọ̀kan tàbí méjì. Takọtabo ló ń sàba lé e fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, lẹ́yìn tó bá sì pa, ó tún tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọmọ tó lè fò. Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò kúkú dúró sí Áfíríkà, níbi tí òtútù kò sí, kí wọ́n máa bímọ níbẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú gígùn ọ̀sán. Ní Ìkòròdú, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ kúrò lórí wákàtí 12 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, ṣùgbọ́n ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹfà, ìmọ́lẹ̀ lè ju wákàtí 17 lọ. Òbí tó ń wá oúnjẹ fún ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tí kì í yó ń jèrè wákàtí márùn-ún lójoojúmọ́ níbẹ̀, òkun ibẹ̀ sì kún fún ẹja lákòókò náà, ẹranko tó lè gun erékùṣù wá kó ẹyin kò sì pọ̀. Nígbà tí ọ̀sán bá tún kúrú, tí ẹja sì lọ sí ìsàlẹ̀ omi, èrè náà di àdánù, ẹni tó bá dúró yóò sì máa ná ju ohun tó ń wọlé lọ.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ebi bá ti dé gan-an ni ẹyẹ máa ń dìde. Bí ọ̀sán bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú lẹ́yìn oṣù kẹfà, ọpọlọ ẹyẹ máa ń mọ̀ ọ́n láti inú ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé, àwọn omi inú ara tó ń darí ìwà yóò sì yí padà, ẹyẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀rá yóò kún abẹ́ awọ ara rẹ̀, ara rẹ̀ kò sì ní balẹ̀ mọ́. Ọ̀rá yìí ni epo ìrìnàjò. Àwọn tern ló ń ṣáájú, láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, gull ẹlẹ́yìn dúdú a sì máa lọ láti oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá. Ọmọ Sandwich tern kì í dá lọ, nítorí pé pípẹja láti òkè nílò ẹ̀kọ́; òbí rẹ̀ máa ń bá a rìn, a sì máa fún un lóúnjẹ lójú ọ̀nà. Nígbà tí ọmọ bá dé Áfíríkà, ó sábà máa ń lo ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò tó tẹ̀ lé e níbẹ̀ láìpadà sílé, ìdí nìyẹn tí tern tàbí gull tí ìyẹ́ rẹ̀ kò tíì dàgbà fi lè wà lórí ọ̀sà ní oṣù kẹfà tàbí keje, nígbà tí àwọn àgbà wà lórí ẹyin ní Yúróòpù.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ọ̀nà ẹyẹ ìlà-oòrùn Àtìláńtíìkì, tó bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ yìnyín àríwá, tó gba ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù kọjá, tó sì tẹ̀ lé etíkun Áfíríkà títí dé gúúsù. Bí awakọ̀ tó ń ti Sókótó bọ̀ ní Èkó kò ṣe lè wa ọkọ̀ láìdúró ra epo, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ẹyẹ wọ̀nyí kò lè fò ó láìbà. Ibùdó àkọ́kọ́ tó lókìkí ni Wadden Sea, ìyẹn ilẹ̀ ẹrẹ̀ ńlá tí omi ń bò tó sì ń ṣí sílẹ̀ lójoojúmọ́ ní etíkun Netherlands, Jámánì àti Denmark. Láti ibẹ̀ wọn a gba etíkun Faransé, Sípéènì àti Pọ́túgà, wọn a kọjá sí Morocco, wọn a wá dé Banc d'Arguin ní Mauritania, níbi tí aṣálẹ̀ ti pàdé òkun, tí ẹyẹ omi tó lé ní mílíọ̀nù méjì máa ń péjọ sí nígbà òtútù Yúróòpù. Mauritania sọ ibẹ̀ di ọgbà ìjọba ní 1976, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 1989. Ọ̀pọ̀ gull ẹlẹ́yìn dúdú kì í kọjá Mauritania, Senegal àti Gambia. Díẹ̀ ló ń bá etíkun yí sí ìlà-oòrùn. Ọ̀nà tààrà láti London sí Èkó jẹ́ nǹkan bí 5,000 kìlómítà, ṣùgbọ́n ẹyẹ tó bá fi etíkun ṣe amọ̀nà yóò fò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Etíkun Côte d'Ivoire àti Ghana ní ìdí tirẹ̀ tó fi ń dá tern dúró. Láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù máa ń ru láti ìsàlẹ̀ òkun wá sókè níbẹ̀, ó máa ń gbé oúnjẹ àwọn ẹ̀dá tíntìntín wá sí ojú ìmọ́lẹ̀, àwọn sáwá yóò tẹ̀ lé oúnjẹ náà, tern yóò sì tẹ̀ lé sáwá. Àwọn roseate tern tó ń yé ẹyin ní ilẹ̀ Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń lo èyí tó pọ̀ nínú ìgbà òtútù ilé wọn ní Ghana. Ẹyẹ tó bá sì rí i pé oúnjẹ ti ń dín kù níbẹ̀ lè bá etíkun Togo àti Benin lọ síwájú títí yóò fi dé ẹnu ọ̀sà Èkó.

Kì í ṣe gbogbo ìbátan wọn ló ń gba ọ̀nà yìí. Gull ẹlẹ́yìn dúdú tó ń yé ẹyin ní Finland àti àyíká òkun Baltic máa ń gba gúúsù-ìlà-oòrùn lọ, yóò fò kọjá òkun Mẹditaréníà àti aṣálẹ̀, yóò sì dé àwọn adágún ńlá bí Victoria ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Arctic tern ló sì gbé ìrìnàjò dé òpin, nítorí pé ó ń yé ẹyin ní àríwá tó jìnnà jù, ó sì ń lọ jẹun ní etí yìnyín Antarctica ní ìsàlẹ̀ ayé. Ìwádìí tí Carsten Egevang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2010, nípasẹ̀ ẹ̀rọ kékeré tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju gíráàmù 1.4 lọ tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ àwọn tern Greenland àti Iceland, fi hàn pé ìrìnàjò ọdún kan wọn tó nǹkan bí 70,900 kìlómítà ní ìdọ́gba. Nígbà tí wọ́n ń lọ sí gúúsù, ọ̀nà wọn pín sí méjì ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà: àwọn kan tẹ̀ lé etíkun Áfíríkà, àwọn yòókù sì ré òkun kọjá sí ìhà Brazil.

Bí ẹyẹ ṣe ń mọ ọ̀nà kò dúró lórí ọgbọ́n kan ṣoṣo. Ó ń lo oòrùn lọ́sàn-án àti ìràwọ̀ lóru, ó ń mọ agbára mágínẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ayé lára, ó sì ń rántí àmì ilẹ̀ bí etíkun, ẹnu odò àti òkè. Ìwádìí kan tí Martin Wikelski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2015 fi kún un pé òórùn pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé gull ẹlẹ́yìn dúdú láti ibi tí wọ́n ti ń yé ẹyin ní ìhà Finland àti Russia lọ sí ibòmíràn tó jìnnà ju 1,000 kìlómítà lọ, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ sára wọn. Àwọn tí imú wọn ń ṣiṣẹ́ mọ̀ pé wọ́n ti gbé àwọn kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n sì ṣe àtúnṣe padà sí ipa tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń gbà. Àwọn tí wọ́n gé iṣan ìgbóòórùn wọn kàn ń lọ sí ìhà gúúsù gẹ́gẹ́ bí ara wọn ṣe sọ fún wọn, láìmọ̀ pé ibi tí wọ́n ti gbéra kò rí bákan náà mọ́. Èyí fi hàn pé ohun méjì ni ẹyẹ ń gbé rìn: ìhà tí ó yẹ kó kọjú sí, tó jẹ́ àbímọ́, àti ìmọ̀ nípa ibi tó wà gan-an, tó ń kọ́ bó ti ń dàgbà.

Ara wọn pẹ̀lú ní ohun èlò tó bá omi ọ̀sà mu. Ẹyẹ tó bá ń jẹ ẹja òkun tó sì ń mu omi iyọ̀ yóò kó iyọ̀ jù sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ nìkan kò sì lè fọ̀ ọ́ tán. Ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni Knut Schmidt-Nielsen fi iṣẹ́ ìwádìí hàn pé ẹ̀yà ara méjì wà lókè ojú ẹyẹ òkun tó ń fa iyọ̀ yọ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, tí omi iyọ̀ náà yóò sì ṣàn láti ihò imú dé ṣóńṣó àgógó. Nítorí náà ni ó fi rọrùn fún tern láti wà lórí òkun ní òwúrọ̀, kí ó wá sórí ọ̀sà tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ ní ọ̀sán, kí ara rẹ̀ má sì dàrú. Ìgbà tí wọ́n bá wà ní Áfíríkà náà ni wọ́n ń pààrọ̀ ìyẹ́ tó ti gbó, nítorí pé ìyẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ wà ní apá kí ìrìnàjò àbọ̀ ti oṣù kẹta àti ìkẹrin tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwà wọn lórí omi yẹ ní wíwò fínnífínní. Tern tó ń ṣọdẹ máa ń fò lọ fò bọ̀ ní ìwọ̀n mítà díẹ̀ sókè omi, àgógó rẹ̀ yóò dojú kọ ilẹ̀, orí rẹ̀ yóò máa yí sọ́tùn-ún sósì. Bó bá rí ẹja, yóò dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́, apá rẹ̀ yóò máa lù kíákíá, lẹ́yìn náà ni yóò pa apá rẹ̀ dé ẹ̀yìn, yóò já lulẹ̀ ṣóó, omi yóò ta, yóò sì tún jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá pẹ̀lú ẹja kan tó gbé dábùú lẹ́nu, yóò gbọn omi dànù lára, yóò yí ẹja náà kí orí rẹ̀ lè kọ́kọ́ wọlé, yóò sì gbé e mì lórí ìrìn. Gull kì í já báyìí. Ó máa ń ṣa ohun tó léfòó, tàbí kí ó lé tern tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹja títí èyí yóò fi jù ú sílẹ̀, tí òun yóò sì gbá a mú kí ó tó kan omi. Àwọn apẹja etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ ìwà yìí, wọ́n sì ń lò ó: ibi tí tern bá ti ń já lọ́pọ̀ sójú kan, ẹja kéékèèké ti wà lókè omi níbẹ̀, ẹja ńlá sì sábà máa ń wà lábẹ́ wọn tó ń lé wọn bọ̀ lókè. Nígbà tí omi bá kún tó bo ilẹ̀ iyanrìn, àwọn ẹyẹ yóò jókòó pọ̀, gbogbo wọn yóò kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí atẹ́gùn má baà tú ìyẹ́ wọn.

Ọ̀nà tí ènìyàn gbà mọ gbogbo èyí gùn. Ní 1822, wọ́n yìnbọn pa àkọ̀ kan ní abúlé Klütz ní àríwá Jámánì, wọ́n sì rí ọ̀kọ̀ kan tó wọ inú ọrùn rẹ̀ tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹyẹ náà ṣì wà ní yunifásítì Rostock títí di òní. Ní 1899 ni olùkọ́ kan ní Denmark, Hans Christian Mortensen, bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka tó ní nọ́ńbà àti àdírẹ́sì sí ẹsẹ̀ ẹyẹ, kí ẹni tó bá rí ẹyẹ náà lókèèrè lè kọ̀wé padà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1909. Ní Nàìjíríà, J. H. Elgood ti yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkójọ àwọn ẹyẹ tó ń ti Yúróòpù wá, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1966. Ìwé rẹ̀ lórí gbogbo ẹyẹ Nàìjíríà jáde ní 1982. Ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́ ni Olóyè Shafi Lawal Edu, tó dá Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní 1980, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ọgbà ìtọ́jú ẹ̀dá tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 78 ní Lẹ́kí. Ní Jos, ilé ẹ̀kọ́ A. P. Leventis ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní ìmọ̀ ẹyẹ ní ìpele yunifásítì.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í gbé ojú ọ̀run. Ilẹ̀ tí wọ́n ń bà lé ló ń kéré sí i. Oúnjẹ tó bá yí padà máa ń yí ọ̀nà padà pẹ̀lú, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lára gull ẹlẹ́yìn dúdú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ṣáájú àárín ọ̀rúndún ogún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń fi ìlú sílẹ̀ nígbà òtútù, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ààtàn ńlá àti àjẹkù ọkọ̀ apẹja ti pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ń dúró sílé tàbí kí wọ́n má kọjá Sípéènì àti Pọ́túgà. Ní Ghana, àwọn ọmọdé máa ń fi ìkẹ́kùn mú tern ní etíkun, títí wọ́n fi dá iṣẹ́ ìdáàbòbò ẹyẹ etíkun sílẹ̀ ní 1985 láàárín ìjọba ibẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n sì gbé ẹ̀kọ́ náà wọ ilé ìwé. Ní 2022, àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún Sandwich tern lórí ẹyin wọn ní Yúróòpù, ní 2023 sì ni àrùn náà tún pa tern lọ́pọ̀ ní etíkun Senegal, Gambia àti Guinea-Bissau. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ lásán mú ẹyẹ tó bá kú sí etí omi.

Ní ọ̀sà Èkó fúnra rẹ̀, wíwa iyanrìn láti ìsàlẹ̀ omi, dída iyanrìn sí etí omi láti kọ́lé, àti ìdọ̀tí tó ń bá odò wọlé ló ń pààlà fún ibi tí ẹja lè bí sí àti ibi tí ẹyẹ lè sinmi. Ohun tó ń yọ ẹyẹ lẹ́nu níbẹ̀ ló ń yọ apẹja Ìbẹ̀ṣẹ̀ àti àwọn tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ lẹ́nu, nítorí pé ẹja kan náà ni gbogbo wọn ń lé. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn Ramsar lórí ilẹ̀ olómi, ó sì wà nínú àdéhùn àwọn ẹyẹ omi Áfíríkà àti Yúróòpù tí wọ́n fi ẹnu kò lé lórí ní The Hague ní 1995. Nínú ibi 11 tí Nàìjíríà fi sínú ìwé Ramsar títí di 2008, láti adágún Nguru dé adágún Oguta, kò sí ọ̀kankan ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ohun tó wà lọ́wọ́ ará ìlú kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wúlò. Ẹni tó bá rí òrùka lẹ́sẹ̀ ẹyẹ, yálà ẹyẹ náà wà láàyè tàbí ó ti kú sínú àwọ̀n, lè ya àwòrán rẹ̀, kí ó kọ nọ́ńbà, ọjọ́ àti orúkọ ibẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìtọ́jú ẹ̀dá tàbí sí àdírẹ́sì ara òrùka náà. Nọ́ńbà kan láti Bayékù lè sọ fún onímọ̀ ní Denmark pé ẹyẹ tí wọ́n so òrùka mọ́ nígbà tó wà lọ́mọ ṣì ń rí ẹja jẹ ní ọ̀sà Èkó, ìròyìn irú rẹ̀ tó bá sì pọ̀ ló ń jẹ́ kí ìjọba méjèèjì mọ ibùdó tí àwọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kó bàjẹ́. Iye tern tó ń padà sí Yúróòpù ní oṣù kẹrin kì í ṣe ohun tí Yúróòpù nìkan ń pinnu: ẹja, iyanrìn àti omi tó wà láti Mauritania dé Ìkòròdú ní ìpín nínú rẹ̀.